90 Tàbí 140? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ́ìlì Dífù Jíìpù

Òórùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn. Kí mẹkáníìkì tó tú nọ́ọ̀tì ìdí dífù tán, kí ọ́ìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú abọ́, imú á ti gbọ́ ọ: òórùn imí-ọjọ́ tó le, tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, tí ọṣẹ kì í tètè mú kúrò lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ irú rẹ̀ rí á rò pé nǹkan ti jẹrà níbẹ̀. Kò sí ohun tó jẹrà. Ńṣe ni wọ́n dìídì po imí-ọjọ́ yẹn mọ́ ọn, òun gan-an sì ni èèyàn ń sanwó fún. Èmi máa ń fura sí ọ́ìlì dífù tuntun tí kò bá rùn rárá.

Àwa tí a fẹ́ràn ọkọ̀ máa ń yin ẹ́ńjìnnì, a ń yin táyà, a ń yin bí jíìpù ṣe ga sókè tó. Ta ní ń yin ọ́ìlì dífù? Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní géèjì tí à ń fà yọ wò láàárọ̀, iná pupa sì wà níwájú awakọ̀ tó máa ń tàn bí nǹkan bá ṣe é. Dífù ò ní géèjì, kò ní iná. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà, nínú igbá irin dúdú tó yọ gọngọ sílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ẹrẹ̀ ti bò ó, òkúta ń gbá a. Bó bá jẹ́ jíìpù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà ni, òmíràn á tún wà níwájú. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti gun orí òkun wá sí Èkó, tí wọ́n rà á, tí wọ́n tún un tà, tí ẹnikẹ́ni ò tú nọ́ọ̀tì dífù rẹ̀ wò rí.

Ọkọ̀ tó jẹ́ pé láti ilé sí ọ́fíìsì ni tirẹ̀, lórí ọ̀dà, lè fara da irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ti Hilux tó ń kó kòkó jáde láti oko Ìdànrè lásìkò òjò yàtọ̀, ti Land Cruiser tó ń wọ ọ̀nà igbó lápá Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí náà yàtọ̀. Ohun tí dífù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fojú rí lọ́jọ́ kan, ti ọkọ̀ orí ọ̀dà lè má rí i lọ́dún kan. Àwọn ọkọ̀ oko àti ọkọ̀ igbó wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mi wà fún.

Ẹ jẹ́ ká wo inú igbá náà ná. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ tòde ń rìn gùn ju ti ẹsẹ̀ tinú lọ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pá irin kan gbọnrangandan ló so méjèèjì pọ̀, ọ̀kan á máa wọ́ nílẹ̀, táyà á máa jẹ, ọ̀pá á fẹ́ ṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Onésiphore Pecqueur, ti gba ìwé àṣẹ lórí ojútùú ọ̀rọ̀ yìí kí ọdún 1830 tó pé, nígbà tó jẹ́ pé ooru omi gbígbóná ni wọ́n ṣì fi ń wa ọkọ̀. Àwọn jíà kéékèèké mẹ́rin tàbí mẹ́fà tó wà láàrin dífù òde òní, ọgbọ́n rẹ̀ ni: wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì gba agbára lọ́wọ́ orísun kan náà, kí oníkálukú sì sáré bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe gùn tó.

Iṣẹ́ àwọn kéékèèké yẹn ò le tó bẹ́ẹ̀. Àárín jíà méjì tí wọ́n ń pè ní kíráùn àti píníọ̀n ni ìjà wà. Agbára ẹ́ńjìnnì ń gba ọ̀pá pùròpẹ́là wá sẹ́yìn, píníọ̀n tó wà ní orí ọ̀pá náà ń yí kíráùn tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, kíráùn sì ń yí agbára náà sí ọ̀tún àti sí òsì. Láyé àtijọ́, àárín gbùngbùn kíráùn ni píníọ̀n máa ń kọjú sí tààrà. Ní nǹkan bí ọdún 1926 ni ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà gbé irú tuntun wọ inú ọkọ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Gleason ní Rochester ṣe ẹ̀rọ tó ń gé eyín rẹ̀. Wọ́n gbé píníọ̀n kúrò ní àárín, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Hypoid ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pá pùròpẹ́là tipa bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, inú ọkọ̀ láyè sí i, eyín tó ń kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ sí i, ariwo sì dín kù. Land Rover tó kọ́kọ́ jáde ní 1948 ṣì ń lo ti àtijọ́ nínú dífù rẹ̀, ṣùgbọ́n dífù ẹ̀yìn Hilux àti ti Land Cruiser tó kún ojú ọ̀nà wa, hypoid ni.

Ohun tí hypoid ń gbà padà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ni pé eyín rẹ̀ kì í kàn yí lórí ara wọn. Wọ́n ń yọ̀, eyín kan ń fi gbogbo gígùn rẹ̀ họ èkejì lọ, lábẹ́ ẹrù tó wúwo gan-an. Ọ́ìlì lásán, bó ti wù kó ki tó, eyín á nù ún dànù, irin á wá kan irin. Ibẹ̀ ni imí-ọjọ́ ti wọ ọ̀rọ̀. Ní ojú ibi tíńtín tí eyín méjì ti ń kan ara wọn, ooru máa ń ru sókè lójijì. Ooru náà ló ń jẹ́ kí imí-ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọ́ìlì mú mọ́ ojú irin, tí wọ́n á di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú ò lè rí. Awọ yìí ló ń ṣí dípò irin. Bí eyí tó wà níbẹ̀ ṣe ń ṣí ni òmíràn ń dì. Nínú gbogbo ọgbọ́n tó wà lára ọkọ̀, n kò mọ èyí tó wù mí tó o: ooru tí ìbá jẹ irin run náà ló ń jí oògùn tó ń gba irin là. Àwọn awakọ̀ wa ń ta epo pupa sílẹ̀ fún Ògún kí ọ̀nà lè dára. Ògún tó wà nínú dífù ní tirẹ̀, epo tó ń rùn ló ń jẹ.

Iye oògùn náà ló wà lẹ́yìn agolo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi ń kọ ọ́. API, ẹgbẹ́ àwọn elépo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló pín ọ́ìlì jíà sí ìsọ̀rí GL. GL-1 ò ní oògùn kankan nínú. GL-4 ní i níwọ̀nba, fún jíà tí ẹrù rẹ̀ ò pọ̀ jù. GL-5 ni ti hypoid tó ń ru ẹrù wúwo, tó sì tún ń gba ìkọlù òjijì. Oògùn rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti GL-4. Ẹ fojú inú wo jíìpù tó rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀: ẹsẹ̀ kan ń yí fìrìfìrì, ẹrẹ̀ ń ta sókè, awakọ̀ ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù. Lójijì, táyà kan gbòǹgbò igi, ó dì í mú. Gbogbo eré tí ẹsẹ̀ náà ti ń sá dúró lẹ́ẹ̀kan náà, eyín mélòó kan ló sì gba gbogbo rẹ̀ sára. Ìkọlù òjijì tí wọ́n ń wí nìyẹn. Ọ́ìlì ò gbọdọ̀ di GL-5 láìjẹ́ pé wọ́n ti gbé e gba irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, tí wọ́n tún ti fi ẹrù wúwo dán an wò pẹ̀lú eré jẹ́jẹ́. Àyẹ̀wò kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé omi ni wọ́n ń bù sí i, láti mọ̀ bóyá irin á dípàtà. Àwọn tó ṣe òfin náà ti ro ti odò mọ́ ọn.

Èyí ló fi yẹ ká kìlọ̀ fún àwọn tó ń ra ọ́ìlì kan ṣoṣo fún gbogbo jíà inú ọkọ̀. Bí ẹ bá bu GL-4 sínú dífù hypoid, eyín á jẹ. Bí ẹ bá sì bu GL-5 sínú gíábọ́ọ̀sì tó ń béèrè GL-4, imí-ọjọ́ tó pọ̀ jù yẹn lè máa jẹ àwọn òrùka idẹ tó wà nínú rẹ̀, títí jíà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ tí kò ní wọlé dáadáa. Àwọn gíábọ́ọ̀sì kan gba méjèèjì, ìwé ọkọ̀ ló máa sọ. Dífù kì í bá yín dúnàá-dúrà ní tirẹ̀: GL-5 ni.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn ọlọ́ìlì ní Ládìípọ̀ tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, wọn ò ní bi yín ní ti GL. Ìbéèrè wọn ni, "Náíńtì àbí wọ́n-fọ́tì?" Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ á sì dáhùn kíá pé wọ́n-fọ́tì, torí pé nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù, ó sì ki jù. Ó dà bíi pé ohun tó bá ki ló lágbára lójú wa.

Nọ́ńbà yẹn, bí ọ́ìlì ṣe ki tó nìkan ló ń sọ, kò sọ ohunkóhun nípa oògùn inú rẹ̀. SAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, ló ní òṣùwọ̀n náà. Wọ́n ń mú ọ́ìlì gbóná dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á wo bó ṣe ń ṣàn sí. 90 gbọ́dọ̀ wà láàrin 13.5 sí 18.5 cSt (ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn kíki), 140 sì wà láàrin 24 sí 32.5. Ẹ má sì fi í wé nọ́ńbà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì o, torí òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ ni. 90 ti jíà ò ki ju 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì lọ. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣàlàyé fún oníbàárà rẹ̀ pé 90 ki ju 40 lọ ní ìlọ́po méjì, oníbàárà ń mi orí, àwọn méjèèjì sì kúrò níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

140 ní àyè tirẹ̀. Àwọn ọkọ̀ gẹdú tó ń ti igbó jáde pẹ̀lú ìtì igi tó ga ju orí ọkọ̀ lọ, tó jẹ́ pé eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń sá lábẹ́ ẹrù láti àárọ̀ dalẹ́, ọ́ìlì tó ki wúlò fún wọn. Dífù tó ti gbó tí ojú rẹ̀ ti fẹ̀ lè rí ìtura díẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ nínú Hilux tí ara rẹ̀ ṣì le, 140 máa ń gba lọ́wọ́ ọkọ̀ ju ohun tó ń fún un lọ. Kíráùn ní láti máa ro ó bó ti ń yí, agbára tó ń fi ro ó sì ń di ooru àti epo bẹntiróòlù tó ń jó dànù. Bó bá di òwúrọ̀ kùtù, ọ́ìlì tó ki yìí kì í tètè gun òkè dé ibi bẹ́ríǹ píníọ̀n, èyí tó jẹ́ pé ọ́ìlì tí kíráùn bá ta sí i nìkan ló ń jẹ. Dífù tó bá ń hu bí ẹ bá ti ń sáré, 140 lè mú kí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Eyín tó ti jẹ ò ní torí bẹ́ẹ̀ hù padà.

Ẹ gbé ìwé Toyota fún àwọn Land Cruiser àtijọ́ yẹ̀ wò: níbi tí òtútù ò bá ti lọ sísàlẹ̀ ju 18 lábẹ́ òdo lọ, SAE 90 ni wọ́n kọ, GL-5. Ọyẹ́ tó mú jù ní Ṣakí ò sún mọ́ ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kì í fi bẹ́ẹ̀ da ara mi láàmú lórí nọ́ńbà tó ń gbé W lẹ́yìn. 75W-90, 80W-90, 85W-140: nọ́ńbà iwájú yẹn, ti òtútù ni. 75W gbọ́dọ̀ ṣì lè ṣàn nígbà tí òtútù bá tó 40 lábẹ́ òdo, 80W dúró sí 26 lábẹ́ òdo, 85W sí 12 lábẹ́ òdo. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí fún ẹni tó ń gbé ní Kánádà. Fún awakọ̀ Àkúrẹ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì. Ibi tí 75W-90 ti lè wúlò fún wa ni pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ àtọwọ́dá, èyí tí wọ́n ń pè ní sintẹ́tíìkì. Ọ́ìlì àtọwọ́dá máa ń fara da ooru ju èyí tí wọ́n fọ̀ láti inú epo rọ̀bì lọ, kì í tètè gbó, kíki rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàrin òtútù àti ooru. Ẹni tó ń fi jíìpù fa ọkọ̀ mìíràn lọ sí ọ̀nà jíjìn, tàbí tó ń wà á nínú iyanrìn fún wákàtí púpọ̀, kò ṣe àṣìṣe bó bá rà á. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ìnáwó yẹn ló sì ń mú kí àwọn kan fi í sílẹ̀ nínú dífù fún ọdún mẹ́rin. Ẹrẹ̀ àti omi ò mọ̀ pé owó gọbọi ni ẹ fi ra ọ́ìlì.

Ní ìsọ̀ mẹkáníìkì kan n'Ìbàdàn, mo dúró ti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tú dífù ẹ̀yìn Land Cruiser 80 kan. Ọmọ náà ti mú sípánà 24 lọ sí ìsàlẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ni ọ̀gá bi í.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ da ti ìsàlẹ̀ ni."

"Tú ti òkè ná. Tó o bá da ọ́ìlì tán, tí nọ́ọ̀tì òkè wá kọ̀ tí ò tú, ibo lo máa gbà bu tuntun sí i? Ṣé ẹnu ni wàá fi fẹ́ ẹ wọlé?"

Ti òkè tú. Ti ìsàlẹ̀ náà tú, ọ́ìlì sì dà, ó dúdú, ó ń dán. Ọ̀gá náà ò tiẹ̀ wo abọ́. Nọ́ọ̀tì ló mú, ó nù ún sí àtẹ́lẹwọ́. Òòfà wà ní imú nọ́ọ̀tì náà, lẹ́búlẹ́bú irin sì ti bò ó pátápátá. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là rin ín, ó rin ín títí, ojú rẹ̀ ò sí lára rẹ̀, ó kàn ń fi ọwọ́ gbọ́ ọ ni. Kò gún un. "Ó dáa," ló wí. Lẹ́búlẹ́bú tó kúnná tó bẹ́ẹ̀, ìrìn àjò lásán ló mú un wá, gbogbo dífù ló ní in. Èyí tó bá ní èékánná irin nínú, tó ń tàn yinrin, tó ń gún ọwọ́, eyín tàbí bẹ́ríǹ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kò sí ọ́ìlì tó máa wo ìyẹn sàn.

Ọ̀tá tó tún burú ju ẹrù lọ ni omi. Dífù ń mí. Bó bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, á gba ihò kékeré kan tó wà lórí igbá rẹ̀ jáde. Ẹ wá wo jíìpù tó ti rin ìrìn wákàtí méjì, tí dífù rẹ̀ ti gbóná dáadáa, tó wá já sínú odò tútù. Irin á tutù lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ inú á súnkì, dífù á sì fẹ́ fa afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé. Bí ihò náà bá wà nínú omi, omi ló máa fà. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí i pa, á fa omi gba ara síìlì tó ti rẹ̀. Awakọ̀ á gun òdìkejì odò, inú rẹ̀ á dùn pé òun kọjá, kò mọ̀ pé dífù ti mu nínú omi náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tì, ohun tó máa jáde á ti di tíì oní-mílíìkì. Irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ò lè dáàbò bo eyín mọ́, bẹ́ríǹ á sì máa dípàtà.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn dé ibi tó yani lẹ́nu: rọ́bà gígùn kan tí wọ́n so mọ́ ihò náà, tí wọ́n fà gòkè lọ sí ibi ẹ́ńjìnnì tàbí sẹ́yìn iná ẹ̀yìn, níbi tí omi ò ní dé. Owó rẹ̀ kéré sí ti ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ yín bá ń kọjá odò, ẹ ṣe é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí 90 àti 140. Bí ẹ bá sì ní láti kọjá kí ẹ tó ṣe é, ẹ dúró létí odò ná kí irin rọlẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó lè yí ọ́ìlì tí ẹ máa rà padà. Dífù lásán, bí ẹsẹ̀ kan bá wà nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn nìkan á máa yí lásán, èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle á dúró. Torí èyí ni wọ́n ṣe fi àwọn àwo kéékèèké sínú dífù àwọn ọkọ̀ kan, tí wọ́n ń fún ara wọn mọ́ra láti má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan sá fi èkejì sílẹ̀. LSD ni orúkọ rẹ̀. Àwọn àwo yìí ń béèrè oògùn mìíràn nínú ọ́ìlì, èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n yọ̀ wẹ́rẹ́ láìta kókó. Bí ẹ bá bu GL-5 lásán sí i, dífù á máa gbọ̀n, á máa kùn, pàápàá bí ẹ bá ń yà ní kọ́nà jẹ́jẹ́. Lára igbá dífù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń lẹ àmì mọ́ ọn pé ọ́ìlì LSD nìkan ni kí ẹ bù sí i, àmọ́ ẹrẹ̀ ilẹ̀ wa ti jẹ ọ̀pọ̀ àmì bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí àmì, ẹ fi òkúta há ẹsẹ̀ iwájú, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sókè lórí dúró-síbí tó le, ẹ fi jíà sí ipò òfo, kí ẹ fọwọ́ yí ẹsẹ̀ kan. Bí èkejì bá yí sí òdìkejì, dífù lásán ni. Bó bá bá a yí sí ibì kan náà, ẹ lọ ra ti LSD. Àwọn Land Cruiser 80 kan wà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń ti dífù wọn pa pátápátá. Ìyẹn ò ní àwo, kò sì nílò oògùn LSD.

Ti iwájú ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Nínú Land Cruiser àtijọ́ tó ní ásù líle níwájú, síìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ya ọ́ìlì dífù kúrò lára gíríìsì tó wà nínú ọrùn ẹsẹ̀ tó ń yà. Bí síìlì náà bá lọ, ọ́ìlì á wọ inú gíríìsì, á fọ̀ ọ́ di omi, á máa sun jáde lẹ́yìn táyà pẹ̀lú òórùn imí-ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí ara tútù lẹ́yìn táyà iwájú tó sì rò pé bíréèkì ló ń jò, kó gbọ́ òórùn rẹ̀ ná. Bí ọ́ìlì bá ṣe ń lọ sínú gíríìsì ni dífù iwájú ń gbẹ, kò sì sí iná kan tó máa sọ fún un.

Ní ti rírà rẹ̀, agolo tí ìdérí rẹ̀ ò tíì já ni kí ẹ gbà, tí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ṣeé kà. Ẹ wá GL-5. Lára àwọn kan ẹ máa rí MIL-L-2105D, òfin tí iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún ọ́ìlì jíà tiwọn; ọ̀nà méjèèjì kò jìnnà síra. Èyí tí wọ́n bù láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú ike omi, tí ẹni tó ń tà á ní "ọ̀kan náà ni wọ́n jọ jẹ́", ẹ fi sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá sì ń ra tòkunbọ̀ tí dífù rẹ̀ dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ fún ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ọgbọ́n àtijọ́ ni kí wọ́n da ìyẹ̀fun igi sínú dífù tó ń hu kó lè dákẹ́ títí di ìgbà tí olówó á fi wà á lọ.

Bí ẹ bá ní kí n yan fún ọkọ̀ tó ń rin oko àti igbó ní ilẹ̀ Yorùbá, SAE 90 tàbí 80W-90 ni mo máa mú, GL-5, èyí tí wọ́n fọ̀ láti inú epo rọ̀bì, tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Màá máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 20,000 kìlómítà, tàbí kí ó tó bẹ́ẹ̀ bí omi bá ti wọ̀ ọ́. Owó tí mi ò fi ra àtọwọ́dá, màá fi ra síìlì tuntun àti rọ́bà ihò ìmí. Ti ẹni tó ní LSD yàtọ̀, kó tẹ̀ lé àmì rẹ̀. Dífù ẹ̀yìn jíìpù máa ń gbà tó lítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta àti díẹ̀, ẹ sì bù ú títí yóò fi kan ẹnu ihò òkè. Bí ẹ bá ra gálọ́ọ̀nù kan, ìyókù rẹ̀ lè má tó fún dífù iwájú. Ẹ kúkú ra méjì.